Ológbò Tí Wọ́n Ní Mo Ti Fi Ṣoògùn

  Àwọn tó wá bá wa ṣọdún Ifá tó kọjá rí ológbò dúdú kan, aláyà funfun, tó jókòó sójú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé ń nàka sí i. Àgbàlagbà kan nínú yín, mi ò ní dárúkọ, fà sẹ́yìn, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí nǹkan?" Mo rẹ́rìn-ín nígbà yẹn, mi ò sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ báyìí, nítorí mo gbọ́ pé àwọn kan nínú yín náà fẹ́ gba ológbò tó ti dàgbà sọ́dọ̀, ẹ ò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Gbèsè tí mo jẹ ìyá nọ́ọ̀sì

Ìyá kan wà ládùúgbò wa níbí ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá nọ́ọ̀sì ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Lóru ọjọ́ kan tí òjò ò jẹ́ ká rí mọ́tò wọ̀ dé ọsibítù, àwọn ni wọ́n gbẹ̀bí ọmọ mi kejì nínú pálọ̀ wa, àtùpà la fi ríran. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo kó owó dání lọ kí wọn. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọ́n ní kí n lọ fi ra ẹran fún ìyá ọmọ.

Ọdún tó kọjá ni ìyá yìí papò dà. Lọ́jọ́ kẹjọ, mo lọ kí àwọn ọmọ wọn kú ara fẹ́ra kù. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń pín ẹrù: fíríìjì lọ sápá kan, àwo tánganran lọ sápá kan. Bí ẹnì kan ṣe fẹ́ gbé máṣíìnì ìránṣọ, nǹkan sún lábẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ibẹ̀, ojú méjì ń tàn sí mi. Jẹ́jẹ́ ni, ológbò tí ìyá yẹn tọ́ láti kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Àkọ́bí wọn ní òun ń padà sókè òkun ní Sátidé. Àbíkẹ́yìn ní ọkọ òun ò fẹ́ ológbò nílé. Mọ̀lẹ́bí kan ní ṣebí ká kó o sínú àpò, ká lọ tú u sílẹ̀ lọ́jà, eku pọ̀ níbẹ̀. Ológbò tí kò jáde nílé rí! Wọ́n wá mú ìwé dókítà ẹranko jáde nínú àpótí ìyá. Ó wà níbẹ̀ pé kíndìnrín rẹ̀ ò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, pé oúnjẹ rẹ̀ yàtọ̀, pé oògùn rẹ̀ ò gbọdọ̀ dá. Ta ló fẹ́ gba irú ẹ̀? Ọmọ ológbò tó ń fò sókè fò sódò ni ayé ń wá. Ta ló ń wá àgbà ológbò, aláìsàn, onítìjú tí kì í jẹ́ kéèyàn rí òun?

Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi.

Ilé pa lọ́lọ́. Mo mọ ohun tó fà á. Babaláwo ni mí, ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń ṣe é. Nílẹ̀ wa, bí babaláwo bá ní kí ẹ fún òun ní ológbò dúdú, kò sẹ́ni tó máa rò pé ẹja ló fẹ́ máa fún un jẹ. Àbíkẹ́yìn wò mí títí, ó ní, "Bàbá, ẹ dákun, kí lẹ fẹ́ fi í ṣe?" Mo ní, "Mo fẹ́ máa sìn ín ni. Gbèsè ìyá yín ń bẹ lọ́rùn mi."

Lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì

Àṣìṣe àkọ́kọ́ tí mo ṣe, pálọ̀ ni mo gbé e sí. Èrò ń wọlé, èrò ń jáde, jẹnẹrétọ̀ ń dún, àwọn ọmọ-ọmọ ń sáré. Ó há ara rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, a ò rí i fún odidi ọjọ́ kan. Dókítà ẹranko tó ti ń tọ́jú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló là wá lọ́yẹ lórí fóònù. Ó ní bí ológbò bá dé ilé tuntun, ẹ má fi gbogbo ilé hàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Yàrá kékeré kan tó dákẹ́ ni kí ẹ fún un. Kí abọ́ iyanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí wà ní igun kan, kí oúnjẹ wà ní igun kejì, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹun nínú ṣáláńgá. Kí omi náà dá wà lọ́tọ̀. Ẹ gé ojú ihò sára páálí, kó rí ibi sá sí, ẹ má sì gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá aṣọ ẹni tó tọ́ ọ tẹ́lẹ̀, kí ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀ láìfọ̀. Mo lọ gba ìró ìyá nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́ àbíkẹ́yìn.

A gbé e lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Lálaalẹ́ mo máa ń jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, mi ò wò ó lójú, mi ò pè é, mi ò nawọ́ sí i. Mo ń ka ìwé ìròyìn, mo ń dá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó bá yọjú wò mí láti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo máa rọra dijú, mo máa rọra là á. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ní 2020, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Sussex ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí jáde pé bí èèyàn bá ń rọra ṣẹ́jú báyẹn sí ológbò, ológbò náà a máa ṣẹ́jú padà, a sì máa sún mọ́ onítọ̀hún ju ẹni tó kàn ń wò ó lásán lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. À ń rí abọ́ tó ti ṣófo láàárọ̀, à ń rí ojú ẹsẹ̀ nínú iyanrìn, a ò rí òun fúnra rẹ̀. Àfi bí ẹni gba iwin lálejò.

Wọ́n ní ológbò ti kú

Ohun tí mi ò rò ni pé bí àwa inú ilé ò ṣe rí i, bẹ́ẹ̀ náà ni àdúgbò ò rí i. Ìyá alákàrà oríta ló kọ́kọ́ bi mí: "Bàbá, ológbò ìyá nọ́ọ̀sì ńkọ́?" Mo ní ó wà nílé. Ó ní, "Ṣé ó wà láàyè?" Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó síbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, àbíkẹ́yìn pè mí lórí fóònù, ẹkún ló ń sun. Wọ́n ti sọ fún un pé mo ti fi ológbò ìyá rẹ̀ ṣoògùn fún olóṣèlú kan.

Ó dùn mí wọra. Orúkọ tí mo fi ogójì ọdún tọ́jú, àwọn tí kò rí nǹkan kan ló ń fẹnu bà á jẹ́. Ìyá àwọn ọmọ ní kí n má dá wọn lóhùn. Mi ò gbọ́. Mo wọ yàrá ẹ̀yìn, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbá ológbò mú lọ́rùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo gbé e jáde síwájú ilé. "Ẹ wá wò ó! Ṣé òkú lẹ̀ ń wò yìí?"

Wọ́n rí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n rí? Ẹranko tó tọ̀ sí mi láṣọ, tó fi èékánná fa apá mi ya, tó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, tó já mọ́ mi lọ́wọ́, tó sá padà wọlé.

Fún ọjọ́ méjì, kò jẹ, kò mu. Dókítà ní ká gbé e wá kíákíá. Ó ní bí ológbò ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ọ̀rá lè bẹ̀rẹ̀ sí í kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Ti ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dá tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí omi ò gbọdọ̀ gbẹ lára rẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi fa omi sí i lára kó tó fẹnu kan oúnjẹ. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, mo ń ro ara mi wò. Orúkọ mi ni mo fẹ́ fọ̀, ẹ̀mí ẹranko yìí ni mo fẹ́ fi ṣe ọṣẹ. Bó bá kú lọ́jọ́ yẹn, ohun tí wọ́n ń sọ nípa mi ò bá má fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí òótọ́.

Àìsàn kíndìnrín

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé àìsàn yìí, nítorí ó wọ́pọ̀ lára ológbò tó ti dàgbà. Ọ̀dọ̀ ológbò igbó ni ológbò ilé ti ṣẹ̀, irú èyí tó ń gbé ilẹ̀ gbígbẹ. Inú ẹran tó bá pa jẹ ló ti ń rí ọ̀pọ̀ omi. Ìdí nìyẹn tí òùngbẹ kì í fi í tètè gbẹ ológbò, tí ìtọ̀ rẹ̀ sì máa ń ki. Kíndìnrín ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn: ó ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá omi padà sára. Bó bá ń bàjẹ́, omi á máa bá ìtọ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé ológbò ń mumi lámujù, ó ń tọ̀ púpọ̀, ó ń rù, irun rẹ̀ ò dán mọ́, ẹnu rẹ̀ ń rùn, ó ń bì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kíndìnrín máa ń mú un mọ́ra. Kí ẹ tó rí àwọn àmì wọ̀nyí, èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀ ti lọ. Kò sí oògùn tó ń dá a padà. Ìtọ́jú ló ń jẹ́ kí àìsàn náà rọra rìn, àwọn ológbò kan sì ń lo ọdún mélòó kan pẹ̀lú rẹ̀, tí ara ń tù wọ́n.

Oúnjẹ tó lómi nínú là ń fún Jẹ́jẹ́. Èyí tó dára jù ni oúnjẹ inú agolo tí wọ́n dìídì ṣe fún ológbò tó ní àìsàn kíndìnrín, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kì í sì í wà lọ́jà nígbà gbogbo. Fún ìgbà tí kò bá sí, dókítà kọ ìwọ̀n adìẹ bíbọ̀ àti ohun tí a ó pò mọ́ ọn sílẹ̀ fún wa. A kì í fi orí ara wa sè é. Kò sí iyọ̀, kò sí magí, kò sí ata, kò sí ẹja oníyọ̀, kò sí ọbẹ̀ àjẹkù. A ò fún un ní mílíìkì, nítorí ó máa ń mú kí ọ̀pọ̀ àgbà ológbò yàgbẹ́ gbuuru.

Omi wà níbi mẹ́ta nínú abọ́ fífẹ̀, à ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Oògùn rẹ̀, a máa ń lọ̀ ọ́ sínú ẹja tútù díẹ̀ bí orí ìka. Báyìí tó ti jẹ́ kí n gbé òun, mo máa ń wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: mo gbé e dání gun ìwọ̀n, lẹ́yìn náà mo dá gùn ún, mo yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Kìló 2.8 ló wọ̀n lọ́jọ́ tó ti ọ̀dọ̀ dókítà dé. Ó ti di kìló 3.3. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, à ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.

Ewé tó wo èmi sàn

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin oníṣègùn inú wa gbọ́ dáadáa. Mo mọ ewé, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n. Bí a ṣe gbé Jẹ́jẹ́ dé láti ọ̀dọ̀ dókítà, mo rò pé oògùn òyìnbó nìkan ò lè tó o. Mo se àgbo tí mo máa ń fún àwọn tí ìtọ̀ ń yọ lẹ́nu, mo fi síríǹjì fà á, mo fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó di ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn ohun tó ti ṣẹlẹ̀, mi ò tún lè fipá fà á jáde. Inú bí mi. Mo pe dókítà pé kó wá bá mi dì í mú. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà nínú àgbo náà. Nígbà tí mo dé orí àlùbọ́sà eléwé àti aáyù, ó ní, "Bàbá, ẹ dá a nù."

Gbogbo irú àlùbọ́sà àti aáyù, ìbáà jẹ́ tútù tàbí sísè, ló ń ba ẹ̀jẹ̀ ológbò jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ á fi máa tán lára rẹ̀. Àgbo tó ń wo èèyàn sàn, òun ni ì bá pa á. Ìtìjú tí mo ti ń bá a jà láti ọjọ́ yìí ló gbà á lọ́wọ́ mi.

Dókítà wá ka àwọn yòókù fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kọ ọ́. Panadol tí à ń lò fún ẹ̀fọ́rí: ẹyọ kan ṣoṣo lè pa ológbò, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ò ní agbára láti bá a jà. Oògùn eégbọn tí wọ́n ń fi sára ajá: bí permethrin bá wà nínú rẹ̀, ó lè mú kí gìrì gbé ológbò, kó sì kú. Májèlé eku: ológbò tó bá jẹ eku tó ti jẹ májèlé lè bá a lọ. Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀ kí babaláwo bèèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko. Àwa náà kì í sọ pé kí ẹni tí kò kọ́ ọ wá bá wa tẹ ọpọ́n.

Ojú fèrèsé

Mo padà sórí ilẹ̀ tí mo ti ń jókòó tẹ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Mo ti fi òwe yìí gba tọkọtaya níyànjú àìmọye ìgbà, mi ò rò pé ó kan èmi àti ológbò. Ìyá alákàrà bi mí léèrè lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ní, "Ó ń bẹ," mo kọjá lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Lóṣù kẹta, ó jáde wá jẹun lójú mi. Lóṣù kẹrin, ó fi orí kan orúnkún mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó padà sáyè rẹ̀. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí oríta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tí èsúnsún ń fò yí iná ká, mo gbọ́ ohùn ìyá alákàrà: "Ẹ wá wo ológbò bàbá o!" Jẹ́jẹ́ ti gun ojú fèrèsé, ó ń fojú bá àwọn èsúnsún lọ bọ̀. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sẹ́ni tó gbé e. Láti ọjọ́ náà, kò tún sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan.

Ní ọjọ́ Àìkú kejì, àbíkẹ́yìn wá. Mo ní kó jókòó sílẹ̀, kó tẹ́ ìró ìyá rẹ̀ sórí itan, kó má sọ̀rọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kí ológbò tó jáde. Ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó gbóòórùn aṣọ náà, ó wá dùbúlẹ̀ sí etí rẹ̀, ó ń kùn. Omijé ń bọ́ lójú ọmọ yẹn. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní kó jókòó jẹ́ẹ́. Bó bá dìde, ológbò á sá.

Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ gba irú rẹ̀

Ẹ̀yin tó wà ní London, ilé ìtọ́jú ẹranko tí a mọ̀ sí Battersea ti ń ṣiṣẹ́ láti 1860. Ajá ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti 1883 ni wọ́n sì ti ń gba ológbò. Nírú ilé bẹ́ẹ̀, ọmọ ológbò kì í pẹ́ rí ilé. Àgbà, onítìjú àti aláìsàn ló máa ń pẹ́ níbẹ̀. Nílé níbí, ẹ ó rí wọn lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó lọ sókè òkun, tàbí nílé òkú bíi ti ìyá nọ́ọ̀sì.

Kí ẹ tó gbà á, ẹ béèrè ìwé dókítà rẹ̀, kí ẹ mọ oògùn àti oúnjẹ tó ń lò. Ẹ ṣírò owó oúnjẹ, oògùn àti àyẹ̀wò ọdún kan gbáko, ẹ wò ó bóyá apá yín ká a. Ẹ wá ẹnì kejì nínú ilé tó mọ bí wọ́n ṣe ń fún un lóògùn, nítorí ọjọ́ ìrìn àjò ń bọ̀. Nílé tèmi, ìyá àwọn ọmọ ni. Inú páálí tàbí àgò tí ẹ fi aṣọ bò ni kí ẹ gbé e sí bọ̀ wálé, kì í ṣe inú àpò. Ẹ béèrè bóyá ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ má retí ìfẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá ti ń jẹ, tó ń mu, tó ń tọ̀, ó ti ṣe tirẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá báyìí. Àyẹ̀wò tó ṣe kẹ́yìn kò burú ju ti ìṣáájú lọ, ìyẹn sì ni dókítà ní ká máa tọrọ. Bí àlejò bá dé, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ṣì ń lọ. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń bọ̀ wá kí wa, ẹ káàbọ̀ o, oúnjẹ á wà, omi á wà. Ẹ ṣáà má kan ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Bó bá wù ú, á yọjú.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.